Gétì Ṣíṣí Kì í Ṣe Àṣẹ: Òfin Awakọ̀ ní Oríta Rélùwéè

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Àwa méje la kún inú ọkọ̀ Sharon tó gbé wa láti Kubwa lọ sí Kaduna. Bí a ṣe wọ ìgboro báyìí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló pàdé wa. Ọkọ̀ á rìn díẹ̀, á tún dúró. Ibi tí tiwa wá dúró sí ni mi ò lè gbàgbé: táyà iwájú ti kọjá irin rélùwéè, tẹ̀yìn ò tíì dé ibẹ̀, àwa tí a jókòó láàárín la wá wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gan-an. Tírélà tó kó àlùbọ́sà ló dínà mọ́ wa níwájú. Lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ NAPEP mẹ́ta ti sún mọ́ wa débi pé bébà ò lè gba àárín wa kọjá.

Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ figbe ta. "Dẹ́rẹ́bà, orí irin lo gbé wa dúró sí o!"

Awakọ̀ wa, ọmọ Hausa tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Hàjíà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé gétì wà ní ṣíṣí ni? Babu jirgi." Ó ní kò sí ọkọ̀ ojú irin.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin la lò níbẹ̀. Mo mọ̀ nítorí pé aago ọwọ́ mi ni mò ń wò, mi ò fẹ́ wo ọ̀tún, mi ò fẹ́ wo òsì. Ọkọ̀ ojú irin kankan ò wá. Alálùbọ́sà sún síwájú, àwa náà kọjá, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní gétì tó wà ní ṣíṣí ni ẹ̀rí pé ọ̀nà là, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀bi àwọn rélùwéè ni. Ẹnì kejì ní ṣebí ọkọ̀ ojú irin náà ní bíréèkì, ó ní iná, ẹni tó ń wà á kì í sì í ṣe afọ́jú. Tó bá rí wa, á dúró. Ẹnì kẹta, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù, tó ń sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà, ní ilẹ̀ rélùwéè nibẹ̀, òfin títì ò dé ibẹ̀, àwọn Road Safety ò lè mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi dákẹ́ ní tèmi. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ, èmi náà ò mọ̀ ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí. Mo ka ohun tó ṣeé kà, mo sì lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa, ọmọ Ọ̀ffà, tó fi iṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kò sí èyí tó gbà á nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ọ̀nà tí kálukú wọn gbà ṣìnà yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Oríta rélùwéè ni mò ń pe ibi tí títì àti ojú irin ti dábùú ara wọn lórí ilẹ̀ kan náà, tí kò sí afárá, tí kò sí ọ̀nà abẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé Abuja ni ojú wa ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà tuntun tó lọ láti Idu sí Rigasa ní Kaduna, kìlómítà 186 ó lé díẹ̀, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2016, afárá ló fi ń kọjá àwọn títì ńláńlá: bí òun ò bá gba òkè, títì á gba òkè. Tí èèyàn bá ti ń wakọ̀ ní Kubwa àti Wuse fún ọdún mẹ́wàá, ó lè má tíì dúró de ọkọ̀ ojú irin rí láyé ẹ̀.

Ìlà àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti tẹ́ ẹ, ó ti Èkó wá, ó gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Jẹ́bbà àti Minna kó tó dé Kaduna, ó tún gba Zaria lọ sí Kano. Kaduna náà ni ìlà tó ti Port Harcourt gba Kafanchan wá ti pàdé rẹ̀. Orí irin yìí ni ọ̀pọ̀ bàbá wa gbà dé Sabon Gari, tí wọ́n sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, igbó ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìlú ló wá dàgbà yí i ká. Ìdí rèé tó fi ń gba àárín ọjà kọjá, tó ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé, tí títì ọlọ́dà sì ń dá a kọjá láìmọye ibi. Lónìí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ohunkóhun ò kọjá lórí rẹ̀. Àwọn aláta á ti tẹ́ àpò sí i, àwọn ọmọdé á máa fi ṣeré. Lọ́jọ́ kan ṣá, ọkọ̀ ẹrù á dé. Tírọ́lì àwọn tó ń yẹ ọ̀nà wò náà lè dé, òun ò sì ní àkókò kan pàtó rárá. Tí ẹ bá rí i pé ojú irin ń dán, ẹ mọ̀ pé táyà irin ń kọjá lórí rẹ̀ déédéé. Tó bá dípẹtà, ìyẹn ò ní kí ẹ sọ pé ó ti kú.

Òfin wo ló wá mú wa níbẹ̀? Ibi yìí ni ọ̀gbẹ́ni alákóòtù ti ṣìnà. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ rélùwéè ní òfin tirẹ̀, òfin ọdún 1955 tó sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ò bọ́ aṣọ awakọ̀ sílẹ̀ nítorí pé táyà rẹ̀ kan irin. Ó ṣì wà lábẹ́ òfin ìrìnnà. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ló ń tẹ ìwé òfin títì jáde fún gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà, àwọn àmì oríta rélùwéè sì wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà tún ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú títì, èyí tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 1968. Ọdún 2018 ni àwa darapọ̀ mọ́ ọn. Abala 19 nínú àdéhùn yẹn, oríta rélùwéè nìkan ló ń sọ. Ọlọ́pàá lè mú yín níbẹ̀. Àwọn àjọ ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà lè mú yín, KASTLEA ní Kaduna, KAROTA ní Kano. Láti oṣù Kẹta ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lu àtúnṣe sí òfin ilẹ̀ wa, àwọn ìpínlẹ̀ pàápàá ti lágbára láti ṣòfin lórí rélùwéè tiwọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi "ilẹ̀ rélùwéè nibẹ̀" tan ara rẹ̀.

Ohun tí abala 19 yẹn sọ ò pọ̀ rárá. Bí mo bá fi èdè wa túmọ̀ rẹ̀, ohun tó ń sọ rèé: bí ẹ bá ti ń sún mọ́ oríta rélùwéè, ẹ rọra, bí gétì bá ti ń bọ̀ sílẹ̀, tàbí tó wà nílẹ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra padà sókè, ẹ má wọ ibẹ̀, bí kò bá sí gétì, tí kò sí iná, ẹ má wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ti rí i dájú pé ohunkóhun ò bọ̀, ẹ má wọ ibẹ̀ bí kò bá dá yín lójú pé ẹ ò ní dúró lórí irin, bí ẹ bá sì ti wọlé, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Bí ọkọ̀ bá wá kú síbẹ̀, ẹ sapá láti gbé e kúrò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sa gbogbo ipá yín kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin lè tètè mọ̀.

Gbólóhùn kẹrin yẹn ni òfin tí àwa rú lọ́jọ́ náà. Òun náà ni mo rò pé ẹnikẹ́ni ò fi kọ́ awakọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò dárúkọ gétì. Kò dárúkọ ọkọ̀ ojú irin pàápàá. Kì báà jẹ́ pé gétì là sílẹ̀ gbayawu, kì báà jẹ́ pé ẹ fetí sílẹ̀ tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, bí àyè tó máa gba gbogbo ọkọ̀ yín ò bá sí lódìkejì irin, ẹ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ dúró sí ìhà ìhín kí alálùbọ́sà lọ. Nígbà tí ẹ bá rí ilẹ̀ tó gbà yín lódìkejì, látorí bọ́ńpà iwájú dé bọ́ńpà ẹ̀yìn, kó tún ṣẹ́kù díẹ̀, ẹ wá lọ, kí ẹ sì kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ NAPEP kan á yọ láti ẹ̀gbẹ́, á kó sínú àyè náà. Òótọ́ ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn á sì fi họ́ọ̀nù di yín létí, ẹnì kan á yọ orí lójú fèrèsé, á bi yín bóyá bàbá yín ló ni títì. Ẹ jẹ́ kó máa bú. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò sí lórí irin. Ilẹ̀ ló wà, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ tó fi ráyè bú yín.

Ìdí kan tún wà tí "díẹ̀ ló kù sí i" ò fi ṣeé gbára lé. Ọkọ̀ ojú irin fẹ̀ ju irin tó ń rìn lórí rẹ̀ lọ. Lórí ìlà tuntun, àárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,435, nígbà tí ìbú ọkọ̀ akérò jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀: lọ́tùn-ún lósì, ara rẹ̀ yọ síta tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Irin ìlà àtijọ́ tiẹ̀ há jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílímítà 1,067 péré. Nítorí náà, awakọ̀ tó ní "táyà ẹ̀yìn mi ti kúrò lórí irin" lè ti gbé bọ́ńpà àti búùtù sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin láì mọ̀. Irin kọ́ ni kí ẹ fi ṣe ààlà. Ẹ fi mítà díẹ̀ sílẹ̀ síwájú, ẹ fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ gétì. Mo sọ fún bàbá ọmọ Ọ̀ffà yẹn pé gétì wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ tí à ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi," ó ní, "gétì tí ẹ ń wò yẹn, èèyàn ló ń tì í. Èèyàn a máa tọ̀, èèyàn a sì máa sùn."

Mi ò tíì rí àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ gétì orí ìlà àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Ẹnì kan jókòó sínú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń dúró de ìpè, ó mú àsíá pupa àti aláwọ̀ ewé dání, lálẹ́ ó ń lo fìtílà. Bí ìpè ò bá dé etí rẹ̀, bí gétì bá ti tẹ̀ nítorí pé tírélà kan kọ lù ú lóṣù tó kọjá, bí àwọn ọlọ́kadà bá kọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó rí àyè tì í, gétì á wà ní ṣíṣí, ọkọ̀ ojú irin á sì máa bọ̀. Gétì títì ní ìtumọ̀: dúró. Gétì ṣíṣí ò ní ìtumọ̀ kankan. Ẹ máa wò ó bí ibi tí kò ní gétì rárá, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti jẹ́ aṣọ́gétì.

Bí a ṣe ń ṣe aṣọ́gétì fún ara ẹni ò le. Ẹ pa rédíò. Ẹ sọ gíláàsì sílẹ̀, bí oòrùn Kaduna ti wù kó mú tó; ẹ́ńjìnnì amúlétutù ni kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ fèrè. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún wo ọ̀tún. Bí ilé ìtajà tàbí ògiri bá dí yín lójú, ẹ sún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ríran, kí imú ọkọ̀ má ṣe dé ibi tí mo ní ọkọ̀ ojú irin yọ dé. Bí ó bá ṣòro láti ríran, ẹ rán ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ kó lọ wò ó. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ń ṣe èyí nínú bọ́ọ̀sì akérò. Àmọ́ lójú kùrukùru ọyẹ́, nígbà tí ekuru bá bo gbogbo Kano mọ́lẹ̀ tí èèyàn ò rí ìwọ̀n ilé mẹ́ta síwájú, ọ̀nà mìíràn wo ló wà?

Bí aṣọ́gétì bá wà, tó sì na àsíá pupa, ọ̀rọ̀ ti parí, kódà bí ẹ ò bá rí ọkọ̀ ojú irin, kódà bí gétì ò bá tíì sọ̀kalẹ̀. Bí gétì bá jẹ́ ìdajì, tó dí apá kan títì nìkan, ẹ má bá wọn fi ọkọ̀ ṣe kọ̀rọ̀kọ́rọ̀ gba apá kejì kọjá. Mo máa ń rí àwọn ọlọ́kadà tó ń ṣe é, wọ́n á tẹ orí ba bí ẹni tó ń gba abẹ́ okùn aṣọ kọjá. Ó sì yẹ kí ẹ dúró títí gétì fi máa gbéra tán. Lórí ìlà tó ní ojú irin méjì bíi ti Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ kan lè kọjá tán kí òmíràn máa bọ̀ láti òdìkejì, kí ariwo èyí tó lọ bo ariwo èyí tó ń bọ̀.

Èyí tó ní ọkọ̀ ojú irin á dúró tó bá rí wa, òun ni mo rò pé ó léwu jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ó dà bí ọgbọ́n. Ọ̀ffà la mọ̀ mọ́ ìjàkadì, ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ṣùgbọ́n bàbá mi yẹn ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò rí ọmọ Ọ̀ffà tó bá rélùwéè jà. Ẹ́ńjìnnì tó ń fà á nìkan lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 100, ẹni tó bá sì kó Camry bí ọgọ́ta jọ sójú kan á mọ bó ṣe rí. Táyà irin lórí irin ni, kì í gbá ilẹ̀ mú bíi rọ́bà lórí ọ̀dà. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti fa ẹrù púpọ̀ náà ni kò jẹ́ kó tètè dúró. Bó bá ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ìwọ̀n mítà 28 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí èèyàn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin tán, ó ti gba pápá bọ́ọ̀lù já. Bíréèkì tó tẹ̀ lójijì lè fà á tó ìdajì kìlómítà kó tó dúró. Ìlà Abuja sí Kaduna ni wọ́n ṣe fún eré tó lè dé kìlómítà 150. Lórí irú eré yẹn, ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ. Kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Títì tirẹ̀ ò ní ẹ̀gbẹ́.

Ojú wa náà tún ń tàn wá. Ohun tó bá tóbi, tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ èèyàn, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé kò yára. Bí bààlúù ṣe ń bọ̀ wá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ á rò pé ó dúró sójú kan lójú ọ̀run ni, bẹ́ẹ̀ sì ni eré burúkú ló ń sá. Ọkọ̀ ojú irin ò yàtọ̀. Awakọ̀ á wò ó, á ní "ó ṣì jìnnà", nígbà tí kò jìnnà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi tírélà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó gùn tó mítà 18, ó kún fún símẹ́ńtì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ní jíà kìíní, eré rẹ̀ ò ju kìlómítà 10 lọ ní wákàtí. Kí ìrù rẹ̀ tó kúrò ní oríta náà pátápátá, á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Láàárín mẹ́wàá yẹn, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré 100 á ti rìn tó mítà 278. Bí onítírélà bá wò, tó rí ọkọ̀ ojú irin, tó sì ní "màá kọjá", ó yẹ kó bi ara rẹ̀ bóyá ó lè fojú wọn mítà 278. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan lójú títì kan ní Gwarinpa: mo dúró, mo fojú wọn ibi tí mo rò pé ó tó mítà 300, mo wá fi ẹsẹ̀ rìn ín. Kò tó 200.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Ìjòkò kọ lu ara wọn ní oríta rélùwéè kan ní Ṣógúnlè l'Ékòó, ẹ̀mí sì bọ́. Gbogbo wa la wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, àjọ NSIB tó wà l'Abuja ni òfin ọdún 2022 gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún. Tẹ́lẹ̀, ìjàǹbá bààlúù nìkan ni wọ́n ń wádìí, wọ́n ti wá fi ti rélùwéè àti ti omi kún un. Iṣẹ́ tiwọn ni láti wá ohun tó fà á kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ta ló jẹ̀bi, ta ló máa sanwó, ilé ẹjọ́ ló ń pín ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ní "ẹ̀bi rélùwéè ni" nínú ọkọ̀ wa lè jàre lápá kan bí aṣọ́gétì bá sùn lọ. Àmọ́ ilé ẹjọ́ á bi awakọ̀ náà pé: ìwọ ńkọ́, kí lo wò kó o tó wọ ibẹ̀? Ẹni tí wọ́n sì ń jàre rẹ̀ lè má sí níbẹ̀ láti gbọ́ ìdájọ́.

Nípa àwọn àmì: igun mẹ́ta eléti pupa tí wọ́n ya ọgbà sínú rẹ̀ ń sọ pé oríta tó ní gétì ń bẹ níwájú, bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni wọ́n yà síbẹ̀, kò ní gétì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń rí àwòrán ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń rò pé ìdíkọ̀ rélùwéè ló wà nítòsí. Pátákó méjì tó ṣe àgbélébùú, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gan-an, òun ni orí oríta náà. Bí ìdajì òmíràn bá tún wà lábẹ́ rẹ̀, ojú irin ju ẹyọ kan lọ, ẹ máa fojú sọ́nà fún ọkọ̀ kejì. Iná pupa tó ń ṣẹ́jú túmọ̀ sí dúró, kì í ṣe "rọra". Wàyí o, ọ̀pọ̀ àmì yìí ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n ti yọ irin rẹ̀, wọ́n ti tà á fún baban bola, àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí ẹ bá ti rí òkúta wẹ́wẹ́ àti irin méjì lórí ọ̀dà, àmì nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ ní oríta rélùwéè tí kò ní gétì tí kò sì ní iná, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ páàkì síbẹ̀, kódà bó ṣe ìṣẹ́jú kan láti fi já èrò. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ dábùú irin náà gbọọrọ. Bí ẹ bá gbà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀, táyà á kó sínú kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ẹ ó sì ṣubú síbi tí kò yẹ kí èèyàn ṣubú sí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ oníjíà, kó mú jíà kíkéré kó tó débẹ̀, kó má sì pààrọ̀ rẹ̀ lórí irin. Ibi pípààrọ̀ yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń kú.

Bó bá wá kú ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni màmá tó wà lẹ́yìn mi bi gbogbo wa lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èyí àkọ́kọ́: gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, kíákíá, láìmú ẹrù. Ẹ máa rìn jìnnà sí irin, kì í ṣe lórí irin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ forí lé apá ibi tó ti ń bọ̀ kí ẹ sì máa fi ẹ̀gbẹ́ jìnnà sí ojú irin, nítorí bó bá gbá ọkọ̀ yẹn, iwájú ni àfọ́kù ń fò sí. Bí ohunkóhun ò bá tíì yọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jókòó kó dán an wò: lára àwọn ọkọ̀ oníjíà àtijọ́, bí ẹ bá fi í sí jíà kìíní, tí ẹ ò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹ wá ń yí kọ́kọ́rọ́, sítátà fúnra rẹ̀ á máa fà á lọ ní jẹ́jẹ́ títí á fi kúrò lórí irin. Mẹkáníìkì yín mọ̀ ọ́n. Ti àwọn tó kù, ẹ fi í sí nútírà kí ẹ tì í. Kí ẹnì kan ti sáré lọ bá aṣọ́gétì, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ sí ìdíkọ̀ kí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Bí kò bá sí aṣọ́gétì, ẹ pe 122, ti FRSC nìyẹn, tàbí 112, ẹ sì sọ orúkọ ibi tí ẹ wà kí wọ́n má bàa tún pè yín padà. Kí àwọn méjì mú aṣọ pupa tàbí tọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀kan gba ọ̀tún, kí ọ̀kan gba òsì, kí wọ́n rìn jìnnà dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ irin, kí wọ́n máa jù ú. Ẹ rántí ìdajì kìlómítà yẹn: aṣọ pupa tí wọ́n ń jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kú ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún gba ọ̀nà Kaduna. Ọkọ̀ mìíràn, awakọ̀ mìíràn, oríta kan náà. Mo jókòó níwájú lọ́tẹ̀ yìí, mo sì ti sọ fún un kí a tó débẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Màlámù, ẹ jẹ́ kí ti iwájú kúrò lórí irin tán kí ẹ tó lọ." Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé, ṣùgbọ́n ó dúró. Kẹ̀kẹ́ NAPEP kan yọ láti ọ̀tún, ó kó sínú àyè náà. Ó tún dúró.